Gásíkẹ́ẹ̀tì Mánífóòdù Lórí Ọkọ̀ Tọ́bò Tó Ti Dàgbà: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí ní Àbújá

Mẹkáníìkì ni mí. Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọkọ̀ tó sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi ni tòkunbọ̀ tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì): Passat 1.8T, Audi A4, Volvo, àtàwọn Hilux dísù tó ń ná ọ̀nà Kàdúná. Àwọn Yorùbá tó wà ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Mararaba ló máa ń pè mí jù, ìbéèrè wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àìsàn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn wọn lẹ́nu iṣẹ́, fún ẹni tó ni ọkọ̀ àti fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ohun tó ń dùn mí jù kí n tó bẹ̀rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣàdéédéé jó. Nǹkan kan ló máa ń jó o, ẹni tó bá sì pààrọ̀ rẹ̀ láì wá nǹkan náà rí, kí oṣù mẹ́ta tó pé, á tún gbọ́ ariwo èéfín tó ń jò.

Ṣé òun náà ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì?

Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín ara ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dàpọ̀ bó bá jó. Èyí tí à ń sọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mánífóòdù ni irin ńlá tó ń gba èéfín gbígbóná lẹ́nu sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tó ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Níbi tí irin yẹn ti fẹnu kan orí ẹ́ńjìnnì ni gásíkẹ́ẹ̀tì náà wà, pẹlẹbẹ, tí kò jẹ́ kí èéfín rí àyè sá jáde.

Lórí ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, bí ibẹ̀ bá ń jò, ariwo ló pọ̀ jù nínú ìyọnu rẹ̀. Ti tọ́bò kọjá bẹ́ẹ̀. Èéfín yẹn ló ń yí tọ́bò, ìyípo rẹ̀ sì lè ju 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èéfín tó bá gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ kò dé ọ̀dọ̀ tọ́bò mọ́, agbára tí ẹ ti fi owó epo rà ló ń bá atẹ́gùn lọ yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń jò?

Etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ kùtù, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí irin ti tutù dáadáa, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa gbọ́ tẹ́kẹ́-tẹ́kẹ́-tẹ́kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná kan páànù. Bí ẹ bá fún un níná díẹ̀, á yára sí i. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lè parẹ́ pátápátá, torí irin ti gbóná, ó ti wú, ó sì ti dí àlàfo náà fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe nìyẹn. Wọ́n á ní ariwo ti lọ, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí ariwo yìí ti wọlé sọ́dọ̀ mi rí. Wọ́n ní tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn irin kékeré tó ń ti fáàfù inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn méjèèjì jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti tápẹ́ẹ̀tì le, ó gbẹ, bí irin tó ń kan irin. Ti gásíkẹ́ẹ̀tì ní èémí nínú. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ máa gbọ́ pé ó ń fẹ́.

Lẹ́yìn etí, ojú. Ẹ yọ irin pẹlẹbẹ tó bo mánífóòdù, kí ẹ wo ibi tó ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń jò, ẹ máa rí ìlà dúdú níbẹ̀, bí èédú tí wọ́n fi ìka fà. Lẹ́yìn náà, imú: òórùn èéfín nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọkọ̀ sì dúró sójú kan. Ọkọ̀ náà á tún máa lọ́ra láti fà, bí ẹ bá ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ tí ẹ sì dé ibi òkè, ẹ máa rí i pé ẹ ń tẹ̀ ẹ́, kò dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá fi sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù P0299 lè yọ, ìyẹn ni pé atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì kò tó. P0171 náà lè yọ, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, atẹ́gùn òde máa ń gba ibi tó jò wọlé, á sì tan sẹ́ńsọ̀ jẹ pé epo ò tó. Ṣùgbọ́n kóòdù nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Páìpù rọ́bà tó ya lọ́nà tọ́bò lè mú P0299 jáde bákan náà, òun ló sì rọrùn jù láti tún ṣe, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ gbogbo rọ́bà wò.

Mi ò rí ìlà dúdú kankan. Báwo la ṣe ń mọ ojú ibi tó ti ń jò?

Fọ́kànáísà tó wà ládùúgbò yín lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn, kó tutù pátápátá. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi kó hó dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sára aṣọ tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Ẹ wá ki ẹnu páìpù atẹ́gùn fọ́kànáísà bọ ìdí sàlẹ́ńsà, ẹ fi aṣọ dí etí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ le bí èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ẹ́ńjìnnì ò sí lórí iná o.

Kí ẹ wá máa fọ́n omi ọṣẹ sí etí mánífóòdù láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ibi tó bá ti ń jò á hó, ìfófòó funfun kéékèèké á máa wú jáde bí ẹnu ọmọ tó ń ta itọ́. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Ìpẹ̀kun ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, sìlíńdà àkọ́kọ́ tàbí ti ìgbẹ̀yìn, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fọ́n ọn sí ara mánífóòdù fúnra rẹ̀ náà, torí irin náà lè sán.

Ṣé mo ṣì lè máa gùn ún títí owó á fi wọlé?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò kì í fi ṣeré. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ ní ìlọ́po bíi 200, bó bá sì ti gba ibẹ̀, atẹ́gùn ò ríbi jókòó mọ́. Ẹ wo bí mánífóòdù ṣe sún mọ́ ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fa atẹ́gùn wọlé, ẹ ó rí i pé kò jìnnà.

Ìyá kan tó ń gbé lọ́nà Nyanya gbé Passat wá bá mi nítorí ariwo. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó kàn mẹ́nu bà á pé ọkọ̀ náà dára fún àwọn ọmọ, pé bí òun bá ti gbé wọn kúrò nílé ìwé, tí àwọn bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́, kíá ni wọ́n máa ń sùn. Mo bi í bóyá orí máa ń fọ́ wọn bí wọ́n bá jí. Ó dákẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé oòrùn lòun rò pé ó fà á. Mi ò jẹ́ kó gbé ọkọ̀ náà padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá tíì lówó gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbé ọmọdé, aláboyún tàbí arúgbó sínú rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀, kí ẹ yí atẹ́gùn òde pa. Ẹ má tan án nínú gáréèjì tí wọ́n tì. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí òòyì ń kọ́ yín nínú ọkọ̀, ẹ dúró, ẹ jáde síta gbangba, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èéfín ọkọ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka kì í mọ ìyàtọ̀ carbon monoxide sí atẹ́gùn gidi, ó lè ní ara yín le nígbà tí kò le.

Ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Èéfín gbígbóná tó ń gba ojú kan jáde lójoojúmọ́ máa ń jẹ alumínìọ̀mù orí ẹ́ńjìnnì bí omi ṣe ń jẹ ilẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́ wọnú, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ò ní rí ibi tó tẹ́jú jókòó lé mọ́, iṣẹ́ kékeré á wá di títú orí ẹ́ńjìnnì.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ọkọ̀ tọ́bò ló ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì yìí jù?

Ooru ni, àti ẹrù.

Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó ní tọ́bò, bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ gidi, èéfín tó ń wọ mánífóòdù lè gbóná tó 900°C. Irin sì máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: mánífóòdù irin dídà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 600°C, á fi nǹkan bíi mílímítà 3 gùn ju bó ṣe wà ní tútù lọ. Orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so ó mọ́, alumínìọ̀mù ni, omi sì ń tù ú nínú. Kì í sábà gbóná ju bíi 100°C lọ, nítorí náà kò ní gùn tó mílímítà kan. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ìdè kan náà, ọ̀kan fẹ́ nà, èkejì kọ̀. Mánífóòdù á máa wọ́ lójú gásíkẹ́ẹ̀tì lọ bọ̀, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ọkọ̀ tí ẹ sì pa á. Láàárín, ìwọ́ náà kéré. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì ló ti pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí sitọ́ọ̀dù ìpẹ̀kun (ọ̀pá irin olójú ìlà tí wọ́n fi de mánífóòdù mọ́ orí ẹ́ńjìnnì) fi máa ń kọ́kọ́ já, tí gásíkẹ́ẹ̀tì ìpẹ̀kun sì máa ń kọ́kọ́ jò. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kí ihò bóòtì ara mánífóòdù tóbi ju sitọ́ọ̀dù lọ kó lè ráyè nà. Ẹni tó bá wá di nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ti gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ẹrù ńkọ́? Tọ́bò fúnra rẹ̀ wúwo, ara mánífóòdù ló sì rọ̀ sí. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin kan wà lábẹ́ tó gbé tọ́bò ró mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ó ṣòro dé, bóòtì rẹ̀ kì í sì í fẹ́ tú. Mo ti tú ọkọ̀ púpọ̀ tí irin yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, torí ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú yọ ọ́, kò dá a padà. Nígbà náà, gbogbo ẹrù tọ́bò àti gbígbọ̀n ojú ọ̀nà á bọ́ sórí sitọ́ọ̀dù nìkan. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè irin yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn á jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Omi náà máa ń dá kún un. Ẹni tó sáré láti Zuba wọ ìgboro tó sì yà síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sán mánífóòdù ni. Adágún òjò tó jìn lójú títì lè ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Irú gásíkẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà?

Èyí tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ olóríṣiríṣi ìpele, tàbí èyí tó ní irin láàárín tó sì ní graphite lójú méjèèjì, bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe sọ. Elring àti Victor Reinz láti Jámánì jẹ́ orúkọ tí mo fọkàn tán. Ẹ má lọ sọ́jà Zuba tàbí Apo kí ẹ kàn ní “ẹ fún mi ní ti Passat.” Ẹ mú nọ́ńbà chassis dání àti kóòdù ẹ́ńjìnnì. Lórí Passat 1.8T nìkan, AEB wà, ATW wà, AWM wà. Bí ẹ bá ti tú ti àtijọ́, ẹ mú un lọ, kí ẹ gbé tuntun lé e lórí, kí ẹ gbé e sókè síwájú ìmọ́lẹ̀. Ihò gbogbo gbọ́dọ̀ bára mu. Bí etí gásíkẹ́ẹ̀tì bá yọ sínú ihò èéfín, kì í ṣe òun.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ́ títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti gba ojú ibi tó ti wá. Ẹ má rà á. Mánífóòdù tòkunbọ̀ ni mo lè fọwọ́ sí bí tiyín bá ti sán.

Mẹkáníìkì mi ní ká fi gọ́ọ̀mù sí i, pé kò nílò gásíkẹ́ẹ̀tì.

Gọ́ọ̀mù pupa tí wọ́n ń lò yẹn, agbára rẹ̀ ò ju bíi 300 sí 350°C lọ. Ẹ ti rí iye ooru tó wà níbẹ̀ lókè. Á jó láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó bá sì já nínú rẹ̀ á bá èéfín lọ sínú tọ́bò. Gásíkẹ́ẹ̀tì irin ò nílò gọ́ọ̀mù rárá. Gbígbẹ ni wọ́n ń gbé e sí i, lójú irin tó mọ́. Páálí tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dán an wò.

Kí ni kí n rà mọ́ ọn kí n má bàa máa lọ bọ̀ sọ́jà?

Sitọ́ọ̀dù tuntun fún gbogbo ihò, nọ́ọ̀tì tuntun tó ní àwọ̀ bàbà lára, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín mánífóòdù àti tọ́bò, èyí tó wà láàárín tọ́bò àti sàlẹ́ńsà, gásíkẹ́ẹ̀tì páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà, àti òrùka bàbà fún páìpù ọ́ìlì àti ti omi tó ń wọ tọ́bò. Òrùka bàbà wọ̀nyẹn kò ju owó gúgúrú lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń lò wọ́n. Ẹ ra ọ́ìlì tuntun, fílítà rẹ̀ àti omi radiétọ̀ náà.

Ti Passat 1.8T, ẹ yẹ páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò wò dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ mánífóòdù ló gbà kọjá, ooru sì máa ń sọ ọ́ìlì inú rẹ̀ di èédú. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i tí kò kọjá fàlàlà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tọ́bò tí ọ́ìlì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u tí sitọ́ọ̀dù ò fi ní já?

Ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú sitọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà họ ìpẹtà ara ẹnu sitọ́ọ̀dù kúrò, kí ẹ fọ́n WD-40 tàbí ọ́ìlì mìíràn tó ń tú ìpẹtà sí i. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún fọ́n ọn. Kí ẹ tó sùn, ẹ tún fọ́n ọn.

Láàárọ̀, ẹ tú orí bátìrì, ẹ fa omi radiétọ̀ jáde, ẹ yọ àpótí atẹ́gùn àti páìpù gbogbo tó dí ọ̀nà. Ẹ máa ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà ni kí ẹ lò. Olójú méjìlá máa ń fá orí nọ́ọ̀tì tó ti jẹrà.

Ẹ ti sípánà jẹ́jẹ́. Bí nọ́ọ̀tì bá fẹ́ gbà, ẹ máa gbọ́ ìró “kíì” kékeré, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́. Ẹ yí i ní ìdajì, ẹ dá a padà sẹ́yìn ní ìlàrin, ẹ fọ́n ọ́ìlì sí i, ẹ tún yí i ní ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni títí á fi jáde. Bó bá kọ̀ pátápátá, ẹ fi iná gáàsì ra orí nọ́ọ̀tì náà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kó tutù díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ nu ọ́ìlì tí ẹ fọ́n nù kí iná tó débẹ̀, kí ẹ sì gbé ike àti rọ́bà gbogbo jìnnà.

Bí mánífóòdù bá ti kúrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ihò èéfín orí ẹ́ńjìnnì àti ẹnu tọ́bò. Mo máa ń ka aṣọ náà sókè ketekete kí ọmọ iṣẹ́ lè gbọ́: márùn-ún wọlé, márùn-ún gbọ́dọ̀ jáde. Nọ́ọ̀tì kan tó bá jábọ́ sínú tọ́bò ti jẹ àwọn abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ tán kí ẹ tó mọ̀.

Sitọ́ọ̀dù ti já sínú. Ṣé orí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò tíì bàjẹ́. Ọwọ́ tó bá fi ìkánjú bá a lò ló lè bà á jẹ́.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n tú mánífóòdù Volvo kan. Ó ní kí n fi ọ́ìlì sí i, kí n jẹ́ kó sùn. Mi ò jẹ́ kó sùn. Mo ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì ìpẹ̀kun, mo fi gbogbo ara tì í. Ó kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó rọ̀ lójijì, bí ìgbà tí èèyàn ń ro ẹ̀kọ. Mo rò pé ó ti tú ni. Ìdajì sitọ́ọ̀dù ló tẹ̀ lé sípánà jáde. Ọjọ́ méjì la fi yọ ìyókù, ọ̀gá mi ò sì bá mi wí. Ó kàn ní kí n dúró kí n máa wo gbogbo rẹ̀ títí tó fi jáde.

Ohun tó ṣe náà ni mo ṣì ń ṣe. Bí orí sitọ́ọ̀dù bá ṣì yọ díẹ̀, ẹ de nọ́ọ̀tì méjì sí i, kí ẹ mú wọn le mọ́ra, kí ẹ wá fi sípánà yí ti inú. Bó bá já mọ́ ojú irin, ẹ pe wẹ́dà tó mọṣẹ́. Á gbé nọ́ọ̀tì lé e lórí, á sì jó inú nọ́ọ̀tì náà mọ́ sitọ́ọ̀dù. Ooru yẹn fúnra rẹ̀ máa ń tú ìdè rẹ̀ nínú alumínìọ̀mù. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá yí i jẹ́jẹ́, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Bátìrì gbọ́dọ̀ ti wà ní títú kí wẹ́dà tó fọwọ́ kan ọkọ̀, kí iná má bàa jó kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì.

Bí èyí bá kọ̀, dírílì ló kù. Ẹ fi irin ẹnu ṣóńṣó sàmì sí àárín gbùngbùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílímítà 3, kí ẹ máa pọ̀ ọ́n sí i díẹ̀díẹ̀. Fún sitọ́ọ̀dù M8 (tó nípọn mílímítà 8) tí àlàfo ìlà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.25, ihò tó kẹ́yìn ò gbọdọ̀ ju mílímítà 6.8 lọ. Sitọ́ọ̀dù le ju alumínìọ̀mù lọ, nítorí náà dírílì tí ẹ ò dì mú dáadáa á yà sínú alumínìọ̀mù rírọ̀. Bó bá ti yà tó ba ìlà náà jẹ́, Helicoil, ìlà wáyà tuntun tí wọ́n ń fi sínú ihò tó bàjẹ́, lè gbà á là, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fá orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ gbé e lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mánífóòdù ò tíì ká?

Ibi tí wọ́n ti ń fò ó jù nìyí, ibẹ̀ sì ni gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti ń kú. Ẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́, kí ẹ gbé rúlà irin tó tọ́ dáadáa lé e láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ fi feeler gauge, àwọn ewé irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ ìwọ̀n tó yẹ. Tèmi, bí ewé 0.2 mm bá ti wọlé níbikíbi, mo ti ń gbé e lọ kí wọ́n fá a nìyẹn, ojú ti tọ́bò náà pẹ̀lú.

Kí ẹ tún wá sísán. Ẹ fi kárósíìnì pa gbogbo ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọlé fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ nù ún gbẹ fínnífínní. Ẹ wá fi ẹfun pa á, kó funfun. Bó bá sán, kárósíìnì tó ti wọ inú sísán náà á máa jáde, á sì fa ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ẹfun. Láàárín ihò sí ihò ló sábà máa ń wà. Mánífóòdù irin dídà tó ti sán, ó ṣòro kó tó dúró lábẹ́ wẹ́dà. Ẹ wá òmíràn rà.

Nípa ojú orí ẹ́ńjìnnì, ẹ má fi gíráńdà kàn án. Abẹ pẹlẹbẹ àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni, pẹ̀lú sáńpépà dídán tí wọ́n ká mọ́ igi tó tẹ́jú. Gíráńdà máa ń gbẹ́ kòtò tí ojú ò rí, èéfín á sì rí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dè é padà?

Sitọ́ọ̀dù tuntun kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú gíríìsì tó lè gba ooru, èyí tí wọ́n ń fi bàbà tàbí nickel ṣe, díẹ̀ ni. Gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, ní ojú tí àmì ara rẹ̀ sọ. Mánífóòdù, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì, gbogbo wọn ní ọwọ́ lásán títí tí ìka ò fi lè yí wọn mọ́. Àárín ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, kí ẹ máa lọ síta, kan lápá ọ̀tún, kan lápá òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ yí i ká, kí ó máa le sí i díẹ̀díẹ̀. Lórí Passat 1.8T, nọ́ọ̀tì M8 ti mánífóòdù jẹ́ 25 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dè é). Kò le rárá, sípánà kékeré lè ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára dídè, ṣe é. Apá ọmọ iṣẹ́ tó lágbára kọjá 25 Nm láì mọ̀. Ti ọkọ̀ mìíràn, ẹ wo ìwé rẹ̀.

Ẹ dá irin tó gbé tọ́bò ró padà. Mo tún sọ ọ́.

Kí ni kí n ṣe kí n tó tan án?

Tọ́bò ti gbẹ. Kí ẹ tó de páìpù ọ́ìlì mọ́ ọn, ẹ ro ọ́ìlì mímọ́ sí ihò rẹ̀, kí ẹ fi ìka yí àwọn abẹ inú tọ́bò náà kó lè ràn káàkiri. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ẹ yọ fíúùsì pọ́ńpù epo, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ọ́ìlì lè gòkè. Ẹ dá fíúùsì padà, ẹ tan án, ẹ má sì fún un níná. Ẹ jẹ́ kó máa mí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Á rú èéfín. Ọ́ìlì àti gíríìsì tó kàn án ni, kì í pẹ́ lọ. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo páìpù ọ́ìlì àti omi bóyá ó ń kán.

Ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ yìí ń gbà?

Ọjọ́ kan bí kò bá sí sitọ́ọ̀dù tó já. Bó bá já, tàbí mánífóòdù nílò fífá, ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun á parí rẹ̀ láàárín wákàtí méjì kò ní yẹ ojú irin wò.

Hilux dísù ni mo ní. Ṣé bákan náà ni?

Ìlànà ò yàtọ̀. Èéfín dísù kì í gbóná tó ti pẹtiróòlù, nítorí náà sitọ́ọ̀dù máa ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n èéfín dúdú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú ibi tó ń jò tètè hàn. Ìwọ̀n dídè rẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi ti Passat ṣe é.

Wọ́n ṣe é tán lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé mo lè wà á lọ Ìlọrin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Ẹ ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máa gùn ún nínú ìgboro, kó gbóná, kó tutù, kó gbóná, kó tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ní tútù, kí mẹkáníìkì yín tún fi torque wrench kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, kó sì wo ìpele ọ́ìlì àti omi. Ẹ tan án, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bí ẹ ò bá gbọ́ tẹ́kẹ́-tẹ́kẹ́, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá gun òkè tí ẹ sì fẹ́ dúró sinmi lójú ọ̀nà, ẹ má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ọ́ìlì lè tu tọ́bò lára, kí ẹ tó yọ kọ́kọ́rọ́.